Ìtẹ̀sọ́pọ̀ àti Ìdádúró-lérò: Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ẹ̀kọ́ nípa Ipa Ọ̀wọ́ lórí Ẹnìkọ̀ọ̀kan

1.0 Ìfáárà

Ẹ̀ka kan wà nínú ìmọ̀ ìwà-ẹ̀dá tí ó ń wádìí bí wíwà láàárín àwọn ẹlòmíràn ṣe ń yí èrò, ọ̀rọ̀ àti ìṣe ènìyàn padà. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí, àbájáde iṣẹ́ wọn sì ti di ohun tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, agbẹjọ́rò, oníṣègùn àti alákòóso iṣẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ (tí orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987) bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ga ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀-ìperí tí ó péye.

Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ipa tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ní lórí ẹnì kan, ọ̀rọ̀ tí ó yá sí ẹnu jù ni ìgbọràn, tàbí ìfarawé. Kò sí ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n èrò mẹ́fà tàbí méje tí ó yàtọ̀ síra ni a ó kó sábẹ́ wọn bí a kò bá wá òmíràn kún un. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí èdè nìkan. Olùkọ́ tí kò ní ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ yóò ka ọmọ tí ó fi ẹnu lásán gbà àti ọmọ tí ó gbà látọkàn wá sí ọ̀kan náà, yóò sì pe ọmọ tí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní olóríkunkun. Nítorí náà ni àpilẹ̀kọ yìí ṣe yẹ àwọn èrò náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àyẹ̀wò tí ó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ó tó dábàá orúkọ tí ó yẹ kí a pè é.

2.0 Àmúyẹ Ọ̀rọ̀-Ìperí

Ohun mẹ́rin ni a fi ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá níhìn-ín:

(i) Kí ọ̀rọ̀ náà kárí èrò tí a fẹ́ pè, kí ó má sì kọjá rẹ̀.
(ii) Kí ó má ṣe dá ẹjọ́. Orúkọ tí ó ti yin ìwà kan tàbí tí ó ti bú u kò lè jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ìwádìí wò ó.
(iii) Kí ó lè bí ọ̀rọ̀ mìíràn, kí a lè rí ọ̀rọ̀-ìṣe àti orúkọ olùṣe fà yọ lára rẹ̀.
(iv) Kí ó má ṣe jọ ọ̀rọ̀ mìíràn létí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi máa rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n ṣì í gbọ́.

3.0 Ọ̀wọ́ àti Ipa

3.1 Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn fún àkójọ ènìyàn tí a ń ṣe àyẹ̀wò: àwùjọ, ẹgbẹ́ àti ọ̀wọ́. Àwùjọ fẹ̀ jù. Gbogbo ìlú lè jẹ́ àwùjọ. Ẹgbẹ́, ní tirẹ̀, ní ìtumọ̀ méjì tí kò jọ ara wọn: ó lè jẹ́ àjọ tí ó ní olóyè àti òfin, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ọjọ́ orí tàbí ipò rẹ̀ bá tẹni dọ́gba. Ènìyàn méje tí kò mọ ara wọn rí, tí wọ́n jókòó pọ̀ ní iyàrá kan fún wákàtí kan, kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọ̀wọ́ ni ó bá a mu, nítorí pé ohun tí ó wà pọ̀, tí ó ń lọ pọ̀, ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹran tàbí ènìyàn, kò sì béèrè pé kí wọ́n ti dá àjọ sílẹ̀.

3.2 Ohun tí ọ̀wọ́ ń ṣe fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ipa. Ó yẹ kí àmì ohùn rẹ̀ jẹ àwọn òǹkọ̀wé lógún. Ipa, olóhùn àárín méjì, ni ojú ẹsẹ̀ tàbí àmì tí ohun kan fi sílẹ̀ lára òmíràn. Ipá, tí ó gbé ohùn òkè lé ìparí, ni agbára tí a fi ń mú ènìyàn ṣe ohun tí kò fẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí a ó mẹ́nu bà, kò sí ẹni tí ó fi ipá mú ẹnikẹ́ni, kò sí ìjìyà, kò sì sí ìhalẹ̀. Ohun tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu gan-an nìyẹn. Bí akọ̀wé bá kọ ipá níbi tí ó yẹ kí ó kọ ipa, àmì kékeré kan ti sọ gbogbo ẹ̀kọ́ náà di irọ́.

4.0 Òṣùwọ̀n Àjọgbà

Ní 1935, Muzafer Sherif, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì tí ó kàwé ní Amẹ́ríkà, tẹ àyẹ̀wò kan jáde. Ó mú ènìyàn wọ iyàrá tí ó ṣókùnkùn biribiri, ó sì fi iná kékeré kan hàn án lọ́ọ̀ọ́kán. Iná náà kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ojú lè fi wọ̀n ọ́n, yóò dàbí ẹni pé ó ń rìn. A wá bi olúkúlùkù pé báwo ni iná náà ti rìn jìnnà tó. Nígbà tí ẹnì kan bá dá wà, yóò dá ìwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a bá kó ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ìdáhùn ara wọn, ìwọ̀n wọn a máa sún mọ́ ara wọn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Bí a bá sì tún yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́yìn náà, ìwọ̀n tí wọ́n jọ dá sílẹ̀ ni olúkúlùkù yóò máa lò lọ.

Kí ni a ó pe ohun tí ọ̀wọ́ náà dá sílẹ̀? Òfin kọ́, nítorí pé òfin ní ẹni tí ó ṣe é àti ìyà tí ó wà fún arúfin. Àṣà kọ́, nítorí pé àṣà ti pẹ́ nílẹ̀ kí a tó bí ẹni tí ń tẹ̀ lé e. Ti inú iyàrá yìí kò tíì pẹ́ rárá. Òṣùwọ̀n àjọgbà ni orúkọ tí a dábàá. Òṣùwọ̀n sọ pé ohun tí a fi ń díwọ̀n ni. Àjọgbà sọ pé ọ̀wọ́ ni ó jọ tẹ́wọ́ gbà á. Àwọn Yorùbá mọ èrò náà dáadáa. Òwe tí ó wí pé "Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni" kò sọ pé ilé kan tọ̀nà, kí ilé kejì má tọ̀nà. Ohun tí ó ń sọ ni pé òṣùwọ̀n àjọgbà ilé kan kì í ṣe ti ilé kejì.

5.0 Ìtẹ̀sọ́pọ̀

5.1 Àyẹ̀wò Sherif fi ohun kan sílẹ̀ láìdáhùn. Ibi tí òkùnkùn bá wà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ òtítọ́, kò burú kí ènìyàn wo ojú ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n bí òtítọ́ bá hàn kedere ńkọ́? Solomon Asch, tí a bí ní Warsaw ní 1907, tí ó sì ṣe iṣẹ́ yìí ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Swarthmore ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò nínú àwọn ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1951, 1955 àti 1956.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje sí mẹ́sàn-án jókòó pọ̀. A fi ìlà kan hàn wọ́n, a sì fi ìlà mẹ́ta mìíràn hàn wọ́n. Kí olúkúlùkù sọ sókè èwo nínú mẹ́ta náà ni ó gùn bí ti àkọ́kọ́. Ìdáhùn náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá dá a dáhùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í rárá. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni kò mọ ohun tí ń lọ nínú iyàrá náà. Àwọn yòókù ti bá onímọ̀ náà ṣàdéhùn. Nínú ìgbà 18 tí a fi ìlà hàn wọ́n, ìgbà 12 ni gbogbo wọn panu pọ̀ sọ ìdáhùn kan náà tí kò tọ̀nà, kí ó tó kan ẹni tí kò mọ̀ náà láti sọ tirẹ̀.

Àwọn tí ó bá onímọ̀ ṣàdéhùn yìí nílò orúkọ. Amọ̀dí, ẹni tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀, ìbá dára, ṣùgbọ́n ó jọ àmọ̀dí, àìsàn tí a kò mọ orísun rẹ̀, létí. Amète, ẹni tí ó mọ ète iṣẹ́ náà, ni ó dára jù. Ó sì bá mète-mèrò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tan. Ẹni tí a ń yẹ̀ wò ni aláìmète.

5.2 Nínú iṣẹ́ tí ó kan aláìmète 123, ìdá 36.8 nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn tí wọ́n ṣe ní àwọn ìgbà tí àwọn amète ṣìnà ni ó tẹ̀ lé àṣìṣe náà. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aláìmète ni ó tẹ̀ lé e ní ẹ̀ẹ̀kan, ó kéré tán. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni kò tẹ̀ lé e rárá. Nígbà tí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìlà méjì tilẹ̀ tó ínǹṣì méje, a ṣì rí àwọn tí ó bá ọ̀pọ̀ sọ pé wọ́n dọ́gba.

Iye àwọn alátakò ṣe pàtàkì. Bí amète bá jẹ́ ẹyọ kan, ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni àṣìṣe; bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ó di 13.6, bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ó di 31.8. Lẹ́yìn èyí, bí wọ́n ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo bá wà tí ó sọ òtítọ́ pẹ̀lú aláìmète, àṣìṣe náà a dín kù dé ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìfohùnṣọ̀kan ni ọ̀pá tí ó gbé ilé náà ró. Bí ó bá ti ṣẹ́, agbára ọ̀pọ̀ ti dín kù.

5.3 Orúkọ wo ni a ó fún ìwà tí àyẹ̀wò yìí fi hàn? Ìfarawé kò tó, nítorí pé ènìyàn lè fara wé akọni kan ṣoṣo tí ó fẹ́ràn. Ìfohùnṣọ̀kan ni ipò tí ọ̀wọ́ wà, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣe. Ìwà àgùntàn, tí àwọn kan ń sọ lẹ́nu, ti dá ẹjọ́ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Ìbọ́pọ̀lọ, láti ara "bá ọ̀pọ̀ lọ", tọ̀nà ní ti gírámà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ tí ń fò létí odò ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbọ́.

Ìtẹ̀sọ́pọ̀ ni a dábàá. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni a fi sọ "tẹ̀ sí ọ̀pọ̀" di orúkọ. Sí àti ọ̀pọ̀ papọ̀ di sọ́pọ̀, gẹ́gẹ́ bí sí àti ọ̀nà ti ń di sọ́nà. Ohun tí ó bá tẹ̀ síbì kan ti ní ibi tí ó dúró sí tẹ́lẹ̀, kí ohun kan tó fà á. Èyí gan-an ni onímọ̀ ń fẹ́ kí a mọ̀: pé èrò ẹni náà ìbá rí báyìí bí ó bá dá wà, ó sì wá yí sí ti ọ̀pọ̀. Bí èrò méjèèjì bá ti bára mu látilẹ̀, kò sí ìtẹ̀sọ́pọ̀ níbẹ̀, bí ìṣe wọn tilẹ̀ jọra. A lè sọ pé "ó tẹ̀ sọ́pọ̀", a sì lè pe olùṣe ní atẹ̀sọ́pọ̀.

6.0 Ìfẹnugbà àti Ìfọkàngbà

6.1 Nígbà tí Asch fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tí ó tẹ̀ sọ́pọ̀ lẹ́nu wò, ìdáhùn wọn kò jọra. Àwọn kan ní ojú àwọn ni ó gbọ́dọ̀ ní àléébù, nítorí pé gbogbo ènìyàn kò lè ṣìnà. Àwọn mìíràn mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ ṣìnà, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ dá yàtọ̀. Ìwà kan náà ni ojú rí. Ọkàn méjì ni ó bí i.

Morton Deutsch àti Harold Gerard ya ipa méjèèjì sọ́tọ̀ ní 1955. Ti àkọ́kọ́ ni a dábàá pé kí á máa pè ní ipa ìmọ̀: ènìyàn gba ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun tí ó jẹ́ òtítọ́. Òwe Yorùbá sọ ọ́ ṣókí: "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè." Ti èkejì ni ipa ìtẹ́wọ́gbà: ènìyàn ń fẹ́ kí àwọn yòókù gba òun mọ́ra, kí wọ́n má fi òun ṣẹ̀sín. Deutsch àti Gerard fi olúkúlùkù sí àyè tirẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè mọ ẹni tí ó dáhùn. Ìtẹ̀sọ́pọ̀ dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Nígbà tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún ọ̀wọ́ tí ó bá ṣe dáadáa jù, ó pọ̀ sí i. Nígbà tí olúkúlùkù sì kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó gbọ́ ti àwọn yòókù, ó dín kù púpọ̀.

6.2 Àbájáde méjèèjì nílò orúkọ tí yóò máa bára wọn rìn. Ìfẹnugbà ni gbígbà tí kò kọjá ẹnu: ẹni náà ń sọ ohun tí ọ̀wọ́ ń sọ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lójú wọn. Ìfọkàngbà ni gbígbà tí ó ti wọ inú èrò ẹni náà, tí ó sì ń bá a lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i. Ìwọ̀n tí àwọn ènìyàn Sherif ń lò lọ nígbà tí a yà wọ́n sọ́tọ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ èkejì. Herbert Kelman, ní 1958, fi ọ̀kan sí àárín wọn: gbígbà nítorí àjọṣe ẹni pẹ̀lú ènìyàn tàbí ọ̀wọ́ tí ó wuni. Fún èyí ni a dábàá ìtorẹ́nigbà. Ó máa ń dúró níwọ̀n ìgbà tí àjọṣe náà bá dúró. Bí àjọṣe bá bàjẹ́, ohun tí a gbà náà lè bá a lọ.

7.0 Ìgbọràn

Ìgbọràn ní ààyè tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fi í rọ́pò ìtẹ̀sọ́pọ̀. Nínú ìgbọràn, ẹni tí ó ní àṣẹ ni ó pàṣẹ, ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe é. Nínú ìtẹ̀sọ́pọ̀, àwọn tí ó jẹ́ ojúgbà ẹni ni, kò sì sí àṣẹ kankan.

Àyẹ̀wò tí ó gba orúkọ jù nípa ìgbọràn ni ti Stanley Milgram ní Yunifásítì Yale, tí ó tẹ̀ jáde ní 1963. Ó ní kí àwọn ọkùnrin 40 máa fi iná mànàmáná ta ẹnì kan bí ó bá ti ṣi ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi fọ́ọ̀tì 15 kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí dé 450. Iná náà kì í ṣe òótọ́, amète sì ni ẹni tí wọ́n rò pé àwọn ń ta. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀. Ènìyàn 26 nínú 40 ni ó ṣe é dé òpin.

Ibi tí èrò méjèèjì ti pàdé ni àyẹ̀wò mìíràn tí Milgram tẹ̀ jáde ní 1965. Ó fi amète méjì sí ẹ̀gbẹ́ aláìmète gẹ́gẹ́ bí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì kọ̀ láti tẹ̀ síwájú, ènìyàn 4 péré nínú 40 ni ó bá a dé òpin. Àwọn yòókù tẹ̀ sí ojúgbà wọn, wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ àṣẹ tí kò tọ́. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ìgbọràn àti ìtẹ̀sọ́pọ̀, a kò lè sọ ohun tí àyẹ̀wò yìí rí, nítorí pé ọ̀kan ni ó ṣẹ́gun èkejì. Ó sì fi ìdí òṣùwọ̀n (ii) múlẹ̀: ìtẹ̀sọ́pọ̀ kì í ṣe ìwà búburú nígbà gbogbo.

8.0 Ìdádúró-lérò àti Ìtakọ̀pọ̀

Òmìnira kò bá ẹni tí kò tẹ̀ sọ́pọ̀ mu. Ti ẹrú tí a dá sílẹ̀ tàbí ti orílẹ̀-èdè ni. Ìgboyà náà kò bá a mu. Asch rí i pé àwọn kan nínú àwọn tí kò tẹ̀ rárá ń ṣiyèméjì gidigidi. Wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ohun tí ojú àwọn rí ni ó yẹ kí àwọn sọ. Ìdádúró nìkan ìbá tó, ṣùgbọ́n dídá ohun dúró, bí ìgbà tí a dá òṣìṣẹ́ tàbí ọkọ̀ dúró, ni etí yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ìdádúró-lérò mú iyèméjì náà kúrò: èrò ni ẹni náà fi dá dúró. Òun náà lè jókòó pẹ̀lú ọ̀wọ́, kí ó jẹun pẹ̀lú wọn, kí ó sì gbà pẹ̀lú wọn níbi tí wọ́n bá ti tọ̀nà.

Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìtakọ̀pọ̀, ìwà ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ta ko ọ̀pọ̀ lórí ohun gbogbo. Richard Willis ni ó tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1960. Ẹni tí ń takọ̀pọ̀ kò dá dúró. Ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ wí kí ó tó mọ ohun tí òun yóò wí. Okùn tí ó so atẹ̀sọ́pọ̀ mọ́lẹ̀ ni ó so òun náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà, nígbà náà, kì í ṣe méjì.

Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fojú fo ìyàtọ̀ yìí. Ènìyàn máa ń ka ẹni tí ó dá dúró lérò sí ẹni tí ń takọ̀pọ̀, pàápàá bí òtítọ́ tí ó sọ bá korò. Ohun tí òwe "Olóòótọ́ ìlú nìkà ìlú" ń tọ́ka sí nìyẹn.

9.0 Ipa Ìwọ̀nba

Ṣé ọ̀pọ̀ nìkan ni ó lè fa ìwọ̀nba? Serge Moscovici, ọmọ ilẹ̀ Ròmáníà tí ó ṣiṣẹ́ ní Faransé, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ yí ìbéèrè náà padà ní 1969. Wọ́n kó ènìyàn mẹ́fà jọ, mẹ́rin jẹ́ aláìmète, méjì jẹ́ amète. Wọ́n fi àwòrán 36 tí ó ní àwọ̀ ojú ọ̀run hàn wọ́n, àwọn amète sì ń sọ pé àwọ̀ ewé ni. Nígbà tí àwọn méjèèjì dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn ní gbogbo ìgbà, ìdá 8.42 nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn àwọn aláìmète di àwọ̀ ewé. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ ní ìgbà 24, tí wọ́n sì yẹhùn ní ìgbà 12, ó já wálẹ̀ sí 1.25.

Àìyẹhùn ni a dábàá fún ìwà tí ó fún àwọn méjì náà lágbára. Ìdúróṣinṣin sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ti yin ẹni náà. Amète tí ń tẹnu mọ́ irọ́ kò yẹ fún ìyìn. Ògbufọ̀ ní láti ṣọ́ra fún àwọ̀ pẹ̀lú. Yorùbá lè pe ohun tí ó ní àwọ̀ aró ní dúdú, kí ó sì pe ewé tí ó tutù ní dúdú. Bí a bá túmọ̀ àwọ̀ méjèèjì sí dúdú, gbogbo àyẹ̀wò náà ti wó lulẹ̀, nítorí pé kò ní sí ẹni tí ó ṣìnà mọ́.

Ipa ìwọ̀nba yìí kò ṣàjèjì sí ọgbọ́n Yorùbá. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀" kò ka iye ẹnu tí ó sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹnu náà sọ ni ó ń wò.

10.0 Ìlò Àwọn Ọ̀rọ̀ Náà

10.1 Ní kíláàsì. Olùkọ́ bèèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo ọmọ dáhùn pé, "Ó yé wa!" Bí olùkọ́ bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ìfẹnugbà àti ìfọkàngbà, kò ní gba igbe yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ọmọ tí kò yé, tí ó bá wọn ké, kì í ṣe òpùrọ́. Ipa ìtẹ́wọ́gbà ni ó wà lára rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ti wà nínú iṣẹ́ 1955: kí olúkúlùkù kọ ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

10.2 Nínú ìfiwéra àwọn ènìyàn. Ní 1967, John Berry fi àwọn Temne ilẹ̀ Sàró wé àwọn Inuit Erékùṣù Baffin ní Kánádà. Àwọn Temne, tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀ tí ń kórè pọ̀, tẹ̀ sọ́pọ̀ ju àwọn Inuit lọ, tí wọ́n jẹ́ ọdẹ. Ní 1996, Rod Bond àti Peter Smith kó iṣẹ́ 133 láti orílẹ̀-èdè 17 pọ̀, gbogbo wọn ní irú àyẹ̀wò ìlà ti Asch. Wọ́n rí i pé ìtẹ̀sọ́pọ̀ pọ̀ sí i níbi tí a ti ń fi ire ọ̀wọ́ ṣíwájú ti ẹnìkọ̀ọ̀kan, àti pé ní Amẹ́ríkà, ó ti ń dín kù láti àwọn ọdún 1950. Ẹni tí ó bá túmọ̀ àbájáde yìí sí pé àwọn ènìyàn kan "kò lè dá ronú" ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Níbi tí wọ́n ti ń kórè pọ̀, kí á má dójú ti ara wa lè ṣe pàtàkì ju kí á tọ̀nà lórí ìlà lọ. Ipò àti àǹfààní ni ó yàtọ̀. A kò wọn ọpọlọ ẹnikẹ́ni.

10.3 Nínú ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí. Iṣẹ́ yìí kan àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Bí àgbà ìgbìmọ̀ bá kọ́kọ́ dábàá ọ̀rọ̀ kan, tí ẹni kejì àti ẹni kẹta sì ti gbà, ìwọ̀n mẹ́ta tí Asch rí ti pé. Ẹni kẹrin tí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò bójú mu lè dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ náà yóò wọ ìwé, yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́, yóò sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í lò lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó sàn kí olúkúlùkù mú àbá tirẹ̀ wá lákọsílẹ̀, kí á ka gbogbo rẹ̀ láìdárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, kí alága sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

11.0 Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí, pẹ̀lú ìtumọ̀ ṣókí:

Ọ̀wọ́: àkójọ ènìyàn tí wọ́n wà pọ̀ tí wọ́n sì lè ní ipa lórí ara wọn.
Ipa ọ̀wọ́: ìyípadà tí wíwà ọ̀wọ́ ń fà bá èrò tàbí ìṣe ẹnì kan.
Òṣùwọ̀n àjọgbà: ìwọ̀n tí ọ̀wọ́ jọ gbà láti fi díwọ̀n ohun tí ó tọ́.
Amète, aláìmète: ẹni tí ó mọ ète àyẹ̀wò, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.
Ìtẹ̀sọ́pọ̀: yíyí èrò tàbí ìṣe ẹni sí ti ọ̀pọ̀, láìsí àṣẹ.
Ipa ìmọ̀: ipa tí ó ti inú wíwá òtítọ́ wá.
Ipa ìtẹ́wọ́gbà: ipa tí ó ti inú ìfẹ́ kí á gbani mọ́ra wá.
Ìfẹnugbà: gbígbà tí ó mọ sẹ́nu.
Ìtorẹ́nigbà: gbígbà nítorí àjọṣe.
Ìfọkàngbà: gbígbà tí ó wọ inú èrò.
Ìgbọràn: ṣíṣe ohun tí ẹni tí ó ní àṣẹ pa láṣẹ.
Ìdádúró-lérò: dídi èrò tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹni wá mú, ìbáà bá ti ọ̀pọ̀ mu tàbí kí ó má bá a mu.
Ìtakọ̀pọ̀: títako ọ̀pọ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ni.
Ipa ìwọ̀nba: ipa tí àwọn díẹ̀ ń ní lórí ọ̀pọ̀.
Àìyẹhùn: dídúró lórí ọ̀rọ̀ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nínú iyàrá Asch, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìdáhùn àwọn aláìmète ni ó dúró lórí òtítọ́, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ ta kò ó. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni pé àyẹ̀wò náà fi hàn pé ènìyàn kò lè ṣe kí ó má tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ti fi ìdá kan ṣe gbogbo. Èdè tí ó ní orúkọ fún ẹni tí ó tẹ̀ àti fún ẹni tí kò tẹ̀, fún ẹni tí ó fẹnu gbà àti fún ẹni tí ó fọkàn gbà, ni a lè fi sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní iyàrá náà láìfi ọ̀kan pamọ́. Bí àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ bá rí ọ̀rọ̀ tí ó dára ju àwọn wọ̀nyí lọ, kí wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú àlàyé, kí ó lè jẹ́ pé ìlò ni yóò yàn láàárín wọn.